Àpòòwé Òfurufú Tí Wọ́n Fi Ike Bò

Igbe tí Wàsílátù ké lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì yẹn, bí mo bá sọ fún yín pé bàálù tó fẹ́ balẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú tún padà sókè, ẹ má bá mi jiyàn. Ewúrẹ́ já okùn. Oníbúrẹ́dì tó wà ní òdìkejì títì ju búrẹ́dì sílẹ̀, ó rò pé gáàsì ẹnìkan ló bú gbàmù. Gbogbo Ọ̀kọ́tà ló ń bi ara wọn pé ta ló kú.

Kò sẹ́ni tó kú. Ìyá Wàsílátù ló dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá wọn, tó ń rẹ́rìn-ín bí ìyàwó tuntun, tó na àpòòwé kan sí ọmọ rẹ̀.

"Wò ó, Wàsí mi! Mo ti gbé e lọ sí Òṣòdì. Wọ́n ti bá mi láminéètì ẹ̀! Òjò ò lè rí i gbé ṣe mọ́. Eku ò lè jẹ ẹ́. Aáyán gan-an, tó bá gùn ún, yíyọ̀ ló máa yọ̀ ṣubú!"

Àpòòwé náà ń dán bí iwájú orí ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀kọ́ wọn. Wọ́n ti fi ike bò ó níwájú lẹ́yìn, wọ́n ti fi ẹ̀rọ gbígbóná tẹ̀ ẹ́ pọ̀. Ní igun ọ̀tún lókè, atẹ́gùn há sábẹ́ ike, ó wú róbótó bíi kókó orí ẹni tí wọ́n kàn ní kóńdó.

Wàsílátù ya ẹnu láti ké ẹ̀ẹ̀kejì. Ó wo ojú ìyá rẹ̀. Ó gbé igbe náà mì.

"Ẹ ṣé, Màámi," ló wí. "Ayọ̀ ló pọ̀ jù, ìyẹn ni mo ṣe ké."

"Ṣebí mo mọ̀!" Ìyá Wàsí bẹ̀rẹ̀ sí í jó níbẹ̀, láìsí orin kankan.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú àpòòwé tó jẹ́ fún yín, kí ẹ má baà rò pé tìtorí bébà lásán ni ọmọ èèyàn ṣe fẹ́ já ọ̀fun ara rẹ̀. Àwọn kan wà láyé yìí tó jẹ́ pé àpòòwé tó ti lọ sí òfurufú ni wọ́n ń kó jọ. Bí rọ́kẹ́ẹ̀tì bá ń lọ, wọ́n á di àpòòwé díẹ̀ mọ́ ẹrù. Wọ́n á gbé e dé ilé tó ń yí ayé po lókè lọ́hùn-ún, àwọn tó ń gbé ibẹ̀ á lu òǹtẹ̀ sí i, wọ́n á buwọ́ lù ú, wọ́n á sì fi ránṣẹ́ padà sílé. Ẹni tó bá ní ọ̀kan, nǹkan tó kúrò láyé tó tún padà wá láìkú ló ní yẹn.

Wàsílátù kò rí tiẹ̀ he. Láti ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló ti ń kó sítáǹpù jọ. Kò sí ààtàn kan ní gbogbo Ọ̀kọ́tà tí kò mọ orúkọ rẹ̀. Bó bá rí àpòòwé àtijọ́ lọ́wọ́ pásítọ̀, á tọrọ rẹ̀. Bó bá rí i lọ́wọ́ lọ́yà, á tọrọ rẹ̀. Ìwé tó ń lẹ̀ wọ́n sí wú títí, ó tóbi ju ìrọ̀rí tó ń sùn lé. Nígbà tó yá, olùkọ́ jọ́gíráfì wọn bá a wá bàbá òyìnbó kan ní Jámánì lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Bàbá náà ní àpòòwé òfurufú méjì, ó sì gbà láti fi ọ̀kan ṣe pààrọ̀ gbogbo sítáǹpù Wàsílátù. Gbogbo rẹ̀ o! Ọmọbìnrin náà sunkún, ó nu imú, ó di ẹrù náà, ó fi ránṣẹ́. Nígbà tí àpòòwé dé, èèyàn méjì ló buwọ́ lù ú ní tàdáwà búlúù, òǹtẹ̀ òfurufú sì wà lára rẹ̀ mìnìjọ̀.

Ohun tó sì jẹ́ kọ́rọ̀ náà gbóná ni pé ẹgbẹ́ àwọn olùkó-àpòòwé-jọ ní Ìsọlọ̀ fẹ́ ṣe àfihàn fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama. Ẹni tó bá gbégbá orókè, wọ́n á fi àpòòwé kan tí wọ́n kọ orúkọ àti àdírẹ́sì rẹ̀ sí ránṣẹ́ sókè nínú rọ́kẹ́ẹ̀tì tó kàn. Ọ̀kan péré ni àyè wà fún.

Wàsílátù fẹ́ àpòòwé yẹn ju oúnjẹ lọ. Ilé tí wọ́n ń gbé kò ní nọ́ńbà. Tí wọ́n bá ní kó kọ àdírẹ́sì níbikíbi, "ilé aláwọ̀ ewé tó kọjú sí oníbúrẹ́dì" ló ń kọ, àwọn ọmọ kíláàsì á sì fi rẹ́rìn-ín kú. Ó ti pinnu pé ọjọ́ kan á wà tí ilé aláwọ̀ ewé tó kọjú sí oníbúrẹ́dì á yí ayé po, tí gbogbo ẹni tó ní nọ́ńbà lára ògiri á wà nísàlẹ̀, tí wọ́n á máa wòkè.

Ṣùgbọ́n òfin àfihàn náà le. Àpòòwé tí wọ́n bá ti fi ohunkóhun kùn, tàbí lẹ̀, tàbí bò, kò ní máàkì kankan.

Ẹ ó ní kí ló dé tí kò yáa sọ fún ìyá rẹ̀? Ẹ gbọ́ ná. Nígbà tí Ìyá Wàsí ṣẹ̀ṣẹ̀ kó ti Ìkirè dé Èkó, òjò ọ̀gànjọ́ kan gba òrùlé wọlé, ó sọ ìwé ẹ̀rí ìwé mẹ́wàá rẹ̀ di ẹ̀kọ. Ìwé yẹn ni ì bá fi wá iṣẹ́ ọ́fíìsì. Ìbọ̀sẹ̀ ọmọdé ló wá ń tà l'Óṣòdì títí dòní. Láti ọjọ́ náà ni òun àti òjò ti ń bára wọn jà. Ìwé ìbí Wàsílátù, ó láminéètì ẹ̀. Káàdì ìdìbò rẹ̀, ó láminéètì ẹ̀. Rìsíìtì fáànù tó ti bàjẹ́ tipẹ́, ó láminéètì ẹ̀. Tí ẹ bá dúró pẹ́ níwájú obìnrin náà, á fi ike bo ẹ̀yin náà. Ohun tó bá ti fẹ́ràn ló máa ń gbé lọ sábẹ́ bíríìjì Òṣòdì, níbi tí wọ́n ti ń láminéètì. Ọ̀nà wo ni ọmọ fẹ́ gbà sọ fún irú ìyá bẹ́ẹ̀ pé ìfẹ́ rẹ̀ ti ba nǹkan òun jẹ́?

Wàsílátù gbìyànjú láti bó ike náà. Bó ṣe fà á díẹ̀ ní etí, bébà bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé e. Ó fi í sílẹ̀ kíá.

Ní Mọ́ńdè, ó fi han Diamond. Kíláàsì kan náà ni wọ́n, àwọn méjèèjì ni ilé ẹ̀kọ́ sì yàn fún àfihàn náà. Oṣù tó kọjá ni Diamond bẹ̀rẹ̀ sí í kó sítáǹpù jọ, kìkì àwọn tó ní bọ́ọ̀lù lára. Ẹnu Diamond nìkan lè gbé mọ́tò kúrò nínú kòtò.

"Yéè! Wọ́n ti sè é!" Diamond pariwo. "Wọ́n se àpòòwé bí ẹní se mọ́ínmọ́ín!"

"Má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ o. Mo lè bú sẹ́kún báyìí."

"Ẹkún kẹ̀? Ìwọ Wàsí? Jẹ́ á ṣe òmíràn jàre. Mo mọ bọ́ọ̀dá kan l'Óṣòdì tó lè ṣe ìyá ẹ, tí wàá sì máa kí i ẹ káàárọ̀."

"Ìyẹn kò ní lọ sí òfurufú."

"Ta ló máa tẹ̀ lé e lọ wò?"

Wàsílátù dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni Diamond mú bíi bẹ́ẹ̀ ni. Nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ parí, wọ́n ti wà l'Óṣòdì.

Ẹ mọ ariwo Òṣòdì. Èèyàn lè sín níbẹ̀ kí etí tiẹ̀ má gbọ́ ọ. Wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ rélùwéè, wọ́n dé ìsọ̀ Abórìṣàdé, ọkùnrin tó ń gbẹ́ òǹtẹ̀, tó ń tẹ káàdì ìgbéyàwó. Ìsọ̀ rẹ̀ kò tóbi ju kọ́bọ́ọ̀dù lọ, ṣùgbọ́n ìfọ́nnu tó wà nínú rẹ̀ kò ní ìwọ̀n.

"Ẹ káàsán, Bọ́ọ̀dá Abórìṣàdé," Diamond ní. "Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n wá rí yín. Ṣé ẹ lè ṣe irú èyí?"

Abórìṣàdé wo àpòòwé náà, ó fimú fẹ́ atẹ́gùn. "Èyí? Ọmọ, òǹtẹ̀ wo ni mi ò gbẹ́ rí? Bí àwọn áńgẹ́lì bá fẹ́ yí òǹtẹ̀ wọn padà, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n máa sọ̀kalẹ̀ sí. Ẹ jókòó."

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, kó rí bí èyí gẹ́lẹ́," Wàsílátù wí. Ohùn rẹ̀ kéré.

"Gẹ́lẹ́ kẹ̀? Ohunkóhun tí ojú ẹ̀rọ mi bá rí, títẹ̀ ni mò ń tẹ̀ ẹ́. Mi kì í fi nǹkan kan sílẹ̀!"

Ó gbé àpòòwé oníke náà sínú síkánà, ó tẹ̀ ẹ́ jáde sórí bébà, ó ká a, ó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́. Ó wá rọ tíì sínú abọ́, ó ki kánrinkán bọ̀ ọ́, ó fi pa bébà náà lára kó lè dà bí ohun àtijọ́. Nígbà tó parí, àpòòwé ayédèrú náà lẹ́wà ju ti òdodo lọ. Búlúù ìbuwọ́lùwé náà hàn dáadáa. Wàsílátù gbóòórùn rẹ̀: tíì àti ṣúgà.

"Tó ò bá gbégbá orókè pẹ̀lú èyí," Abórìṣàdé ní, "wá gbé ìsọ̀ mi lọ."

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, gbogbo ìgbà tí Wàsílátù bá jí ló ń yọ àpòòwé méjèèjì wò. Ìyá rẹ̀ kò ran ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́. "Mo ti sọ fún gbogbo ìlà wa l'Óṣòdì," obìnrin náà ń sọ, "pé àpòòwé tó ti ọ̀run bọ̀, èmi ni mo wọ̀ ọ́ láṣọ. Ìyá oníbẹ́líìtì ò gbà mí gbọ́. Lọ́jọ́ Sátidé, màá ti ìsọ̀ mi, màá wá dúró síwájú àpòòwé náà gbagidi."

Sátidé dé. Gbọ̀ngàn náà kún fún pátákó tí àwọn ọmọ lẹ àpòòwé mọ́. Ti Wàsílátù ṣófo síbẹ̀, orúkọ rẹ̀ nìkan ló wà lára rẹ̀. Àpòòwé méjèèjì wà nínú báàgì rẹ̀.

"Kí lò ń dúró dè?" Diamond ń kanjú. "Fi tuntun síbẹ̀! Àwọn adájọ́ ti dé ìlà kejì."

"Ìyá mi ń bọ̀. Oníke ni wọ́n máa wá wò."

"Sọ fún wọn pé ó bó. Ejò náà máa ń bó!"

Wàsílátù ki ọwọ́ bọ báàgì. Ọwọ́ rẹ̀ kọ́kọ́ kan ayédèrú. Ó rántí bàbá Jámánì yẹn, tí kò mọ̀ ọ́n rí, tó gbé ohun tó fẹ́ràn lé e lọ́wọ́. Ó rò ó pé ká ní òun borí lóòótọ́, ká ní ilé aláwọ̀ ewé tó kọjú sí oníbúrẹ́dì yí ayé po, ẹ̀yìn bébà tí kò kọjá abẹ́ bíríìjì rí ló máa gùn débẹ̀. Gbogbo ìgbà tó bá wòkè, tíì ni á máa gbóòórùn.

Ó yọ oníke jáde, ó gbé e sórí pátákó, ó kọ ọ́ sí abẹ́ rẹ̀ pé: "Ó lọ sí òfurufú, ó dé Jámánì, ó dé Ọ̀kọ́tà. Òṣòdì ni wọ́n ti fi ike bò ó."

"O ti ya wèrè!" Diamond kígbe. "Tóò, bí ìwọ ò bá fẹ́ ẹ, èmi fẹ́ ẹ." Kí Wàsílátù tó lè dì í mú, ó ti fa ayédèrú náà yọ nínú báàgì, ó ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó tirẹ̀, láàárín àwọn bọ́ọ̀lù.

Olórí àwọn adájọ́ ni Àǹtí Ọmọ́bọ́lájí, obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tó gbé awò sí imú. Ó dé iwájú pátákó Wàsílátù, ó dúró.

"Háà. Ta ló fi ike bo èyí?"

"Èmi ni, mà!" Ohùn kan dún láti ẹ̀yìn. Ìyá Wàsí ló ń fi ìgbọ̀nwọ́ lànà bọ̀ láàárín èrò. "Èmi ìyá ẹ̀ ni! Iṣẹ́ ọwọ́ mi nìyẹn!"

Àǹtí Ọmọ́bọ́lájí yọ awò. "Ẹ pẹ̀lẹ́, Màmá. Àpòòwé gidi ni. Ṣùgbọ́n ike yìí ti wọ inú rẹ̀, kò ṣeé bó mọ́. Wọ́n ti bà á jẹ́. Kò lè ní máàkì."

Ẹ̀rín kú lójú Ìyá Wàsí. Ó wo àpòòwé, ó wo ọmọ rẹ̀. Gbogbo gbọ̀ngàn dákẹ́ débi pé ẹ lè gbọ́ kí èèrà máa húkọ́.

"Ìyá mi kò mọ̀, mà," Wàsílátù ní. "Èmi ni mi ò sọ fún wọn pé nǹkan kan ò gbọ́dọ̀ kàn án. Ẹ má bá wọn wí."

Àǹtí Ọmọ́bọ́lájí mi orí, ó bọ́ sọ́dọ̀ Diamond. Ojú rẹ̀ là. "Òmíràn láti ìrìn àjò kan náà! Èyí mọ́ o." Ó tẹ̀ síwájú. Ó fi ìka kan igun ọ̀tún lókè. "Kí ni róbótó eléérú yìí?"

Diamond wò ó. Kò rí i tẹ́lẹ̀. Atẹ́gùn tó há sábẹ́ ike ni o! Abórìṣàdé tí kì í fi nǹkan kan sílẹ̀ ti tẹ òjìji rẹ̀ mọ́ bébà.

"Òṣùpá ni, mà," Diamond ní. "Òṣùpá tí wọ́n rí lókè ni wọ́n yà síbẹ̀."

Àǹtí Ọmọ́bọ́lájí padà sí pátákó Wàsílátù. Ó fi ìka tẹ ibi tó wú lára ike náà. Igun kan náà ni. Róbótó kan náà. Ó tún padà, ó gbé imú sún mọ́ ti Diamond.

"Òṣùpá tó ń rùn bíi tíì," ló wí.

Ẹ̀rín tó bẹ́ nínú gbọ̀ngàn fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé òrùlé lọ. Diamond wolẹ̀. Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni, mo gbọ́dọ̀ yìn ín fún ìyẹn. Wàsílátù lè dákẹ́ níbẹ̀, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ó bọ́ síwájú.

"Àwa méjèèjì la jọ lọ, mà. Torí tèmi ni wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́. Inú báàgì mi ló ti yọ ọ́."

"Ìwọ tó o gbé ti òdodo síbẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ṣùgbọ́n mo gbà kí wọ́n ṣe é."

Wọ́n fagi lé orúkọ àwọn méjèèjì. Kò sí ẹ̀bẹ̀ tó gbà á. Olúyínká, ọmọbìnrin kan láti Ajégúnlẹ̀, ló gbégbá orókè. Àpòòwé mẹ́ta péré ló ní. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ lẹ́tà sí àwọn tó ti lọ sí òfurufú, tó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n buwọ́ lu àwọn àpòòwé náà. Wàsílátù rìn lọ bá a, ojú rẹ̀ pọ́n, ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó ní: "Kí lo kọ sínú lẹ́tà yẹn? Jọ̀ọ́, kọ́ mi."

Nígbà tí wọ́n ń fẹsẹ̀ rìn padà sí Ọ̀kọ́tà, Ìyá Wàsí yíjú sí ọmọ rẹ̀.

"Kí ló dé tó ò sọ fún mi lọ́jọ́ yẹn?"

"Ẹ̀ ń jó, Màámi."

Obìnrin náà dúró lójú ọ̀nà. "Mo sè é," ló wí jẹ́jẹ́. "Ohun tó lọ sókè tó bọ̀ láyọ̀, èmi ni mo gbé e sórí iná."

"Diamond ní ẹ sè é bíi mọ́ínmọ́ín."

Ìyá Wàsí gbìyànjú láti bínú. Kò rí i ṣe. Ẹ̀rín pa á débi tó fi gbá òpó iná mú. Nígbà tó nu ojú tán, ó ní: "Wàsí, o purọ́ fún mi nítorí kí inú mi lè dùn, o tún fẹ́ purọ́ fún wọn nítorí kó o lè borí. Méjèèjì ni mi ò fẹ́. Tí mo bá ba nǹkan ẹ jẹ́, wí fún mi kí n sunkún ẹ̀. Mo ti dàgbà tó o. Ó yá, lọ kọ lẹ́tà ẹ."

Ó kọ ọ́. Kò kọ ọ̀kan, kò kọ méjì. Tí ẹ bá to àwọn lẹ́tà tí ọmọbìnrin yẹn kọ léra wọn, ẹ lè gùn ún dé òṣùpá kí ẹ tún jókòó sinmi. Ó di àpòòwé tó ti kọ àdírẹ́sì ara rẹ̀ sí mọ́ ìkọ̀ọ̀kan. Diamond ló ń lá sítáǹpù, ó ní ìjìyà òun nìyẹn, ahọ́n òun sì ti lẹ̀ mọ́ òkè ẹnu. Oṣù ń gorí oṣù, kò sí èsì. Àwọn ọmọ kíláàsì ń béèrè bóyá rọ́kẹ́ẹ̀tì ti bàjẹ́ lọ́nà. Wàsílátù á rẹ́rìn-ín, á mú bírò, á kọ òmíràn.

Lọ́jọ́ kan, oníbúrẹ́dì pè é láti òdìkejì títì. Ẹni tó ń pín lẹ́tà ti wá ilé kiri tó fi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Àpòòwé kan wà lọ́wọ́ oníbúrẹ́dì náà, ọwọ́ Wàsílátù fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́: *Ilé aláwọ̀ ewé tó kọjú sí oníbúrẹ́dì, Ọ̀kọ́tà, Ìsọlọ̀, Èkó.* Ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹnìkan tó ti gbé òkè lọ́hùn-ún fún ìdajì ọdún ti buwọ́ lù ú.

Ìyá Wàsí fọ ọwọ́, ó nu ún, ó tún fọ̀ ọ́. Ó wá fi ìka méjì gbá àpòòwé náà mú létí bí ẹní gbé ọmọ tuntun tó ń sùn.

"Mi ò ní gbé e débì kankan," ló búra. "Abẹ́ bíríìjì gan-an, mi ò ní gbà á kọjá lónìí."

Ọ̀la kọ́ ni àfihàn tó kàn, ṣùgbọ́n Wàsílátù ti kọ ohun tó máa lẹ̀ sábẹ́ àpòòwé náà sílẹ̀. Diamond kà á, ó họrí. "Wàsí, kí ló dé tó ò kàn ní ó lọ? Ta ló máa mọ̀?"

"Èmi ni," Wàsílátù dá a lóhùn.

Ohun tó kọ ni pé: "Àpòòwé yìí kò lọ sí òfurufú. Ẹni tó lọ ló buwọ́ lù ú."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ̀ ń ka èyí, èmi tí mo lè bù mọ́ ọ̀rọ̀ títí á fi ga ju bíríìjì Òṣòdì lọ náà ló ń bá yín sọ̀rọ̀: ẹ lè fi àsọdùn dẹ́rìn-ín pa ara yín, ṣùgbọ́n ẹ má fi irọ́ gba ipò. Tí iṣẹ́ yín bá bàjẹ́, ẹ gbé e jáde bó ṣe bàjẹ́, kí ẹ sì tún bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá fi òótọ́ pàdánù lónìí ṣì lè bẹ̀rẹ̀ lọ́la láìwo ẹ̀yìn. Ẹni tó bá fi ayédèrú borí, kò ní dẹ́kun àtimáa ṣọ́ ẹni tó máa gbóòórùn tíì.